Ẹ̀yìn Ríro: Àgbéyẹ̀wò Àríyànjiyàn Lórí Ọ̀pá Ẹ̀yìn

Odò Ọya àti odò Bẹ́núé pàdé ní Lọ́kọ́jà. Ọ̀nà Àbújá, ọ̀nà Okene àti ọ̀nà Kàbà náà pàdé níbẹ̀. Iṣẹ́ tí èèyàn ń fi ẹ̀yìn ṣe kò wọ́n nírú ìlú bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń wa yanrìn lódò, wọ́n ń rù ú gòkè. Àwọn ìyá ń ru ẹja àti iṣu wọ ọjà Kpata. Awakọ̀ tírélà ń kó sìmẹ́ǹtì kúrò ní Obajana, ọlọ́kadà sì ń fò lórí kòtò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá wá di ọ̀kan nínú wọn mú, ibi tó lè gbà lọ pọ̀. Alágbo wà ní gáréèjì, oníkẹ́mísìì wà ládùúgbò, ẹni tó ń to eegun wà lábúlé, wòlíì àti àfáà kò jìnnà. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ náà wà, èyí tí àwọn ará ìlú ṣì ń pè ní FMC bó tilẹ̀ ti di ilé ìwòsàn olùkọ́ni. Gbogbo wọn ló mọ ohun tó fa ìrora náà, àmọ́ ohùn wọn kò bára mu.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìkàwé ló fa àìfohùnṣọ̀kan yìí. Àwọn dókítà eegun fúnra wọn, láti Boston dé Hong Kong, ti bá ara wọn jiyàn lórí ọ̀pá ẹ̀yìn títí ó fi sú aláìsàn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹni díẹ̀: ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2023 sọ pé mílíọ̀nù 619 èèyàn ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń ro ní 2020, pé yóò sì tó mílíọ̀nù 843 bó bá di 2050.

Ohun tí mo rí nínú àríyànjiyàn náà ni pé àìsàn tí wọ́n ń jà lé lórí kì í ṣe ẹyọ kan. Òye kálukú bá aláìsàn tirẹ̀ mu, ìgbà tó bá na ọwọ́ sí aláìsàn ẹlòmíì ló ń ṣìnà.

Bí ọ̀pá ẹ̀yìn ṣe rí

Eegun 33 ló ń to ara wọn di ọ̀pá ẹ̀yìn: 7 ní ọrùn, 12 ní àyà, 5 ní ìbàdí, 5 tó ń lẹ̀ pọ̀ di odidi kan lẹ́yìn ìdí bí ọmọ ṣe ń dàgbà, àti nǹkan bíi 4 kéékèèké ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ihò kan gba àárín wọn kọjá. Inú ihò yẹn ni mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn wà, okùn rírọ̀ tó ti inú ọpọlọ sọ̀kalẹ̀, tí iṣan 31 ń yọ lára rẹ̀ lọ́tùn-ún, tí 31 ń yọ lósì. Lára àgbàlagbà, okùn yìí kì í dé ìsàlẹ̀. Ibi eegun ìbàdí kìíní tàbí ìkejì ló ti ń tán. Láti ibẹ̀ lọ, ìdì iṣan ló kù, tó ń lọ sí ẹsẹ̀, àpòòtọ̀ àti ojú ara. Nítorí náà, ohun tó bá tẹ mùdùnmúdùn ní ọrùn tàbí àyà lè rọ èèyàn lẹ́sẹ̀ méjèèjì, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó bá tẹ iṣan kan ní ìbàdí sábà máa ń mú ẹsẹ̀ kan péré.

Dísìkì ló wà láàárín eegun méjì méjì, 23 lápapọ̀. Ẹ fojú inú wo tìmùtìmù tí awọ rẹ̀ yi, tí inú rẹ̀ sì rọ̀ tó kún fún omi. Lára àgbàlagbà, ẹ̀jẹ̀ kì í wọ àárín rẹ̀. Bí a bá dùbúlẹ̀, omi àti oúnjẹ á rọra wọ inú rẹ̀. Bí a bá dìde tí a ru ẹrù, omi náà á fún jáde. Gbogbo wa la fi ń kúrú díẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, tí a sì ń ga padà lóru.

Ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ń tètè lélẹ̀. Ojú ihò tí yóò di ọpọlọ àti mùdùnmúdùn máa ń pa dé ní nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún bá dúró, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn ti lóyún. Bí kò bá pa dé nísàlẹ̀, wọ́n á bí ọmọ náà tòun ti ẹ̀yìn tó là. Ẹ̀yìn ọmọ tuntun ká síwájú látòkè délẹ̀. Ìgbà tó bá ń gbé orí ró ni ọrùn ń tẹ̀ sẹ́yìn, ìgbà tó bá sì dìde rìn ni ìbàdí náà ń tẹ̀.

Jẹ̀dí ni, ẹ gbé agbo wá

Èrò tó gbilẹ̀ jù lọ láàárín ìlú nìyí. Wọ́n ní ṣúgà àti ohun dídùn ló ń fa jẹ̀dí, jẹ̀dí ló sì ń gun ẹ̀yìn. Egbò àti èèpo igi ni wọ́n ń rẹ sínú omi tàbí ògógóró, wọ́n á wọ̀n ọ́n sínú ife kékeré fún awakọ̀ tó fẹ́ gbéra. Ìgò kan wà tó ń jẹ́ agbo jẹ̀dí, òmíràn ń jẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn gan-an. Àwọn tó ń to eegun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: àwọn ń fi òrí àti omi gbígbóná wọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń nà án.

Ó rọrùn láti fi èrò yìí ṣẹ̀sín, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Alágbo sún mọ́ni, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó gbọ́ èdè aláìsàn, ó sì ń fetí sílẹ̀ ju ọ̀pọ̀ dókítà lọ. Omi gbígbóná àti ìfọwọ́wọ́ ń dẹ iṣan tó ti le; kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Ibi tí àìlera èrò náà wà ni pé jẹ̀dí kan ṣoṣo ló fi ń dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ẹ̀yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹni tó bá fún aláìsàn ní nǹkan mu kẹ́yìn ló ń gba ọpẹ́. Ògógóró náà ń pa ìmọ̀lára kú fún wákàtí mélòó kan, awakọ̀ sì ti gorí ọ̀nà Àbújá. Àmọ́ ká sọ òótọ́, oníkẹ́mísìì tó ń po oògùn apàrora pọ̀ sínú bébà kékeré ń gba irú ọpẹ́ kan náà, diclofenac tí wọ́n ń mu lójoojúmọ́ sì lè ba ikùn àti kíndìnrín jẹ́. Ewu tó ga jù ni kí wọ́n na ẹ̀yìn tí eegun rẹ̀ ti kán tàbí tí àrùn ti jẹ. N óò padà sórí ìyẹn.

Dísìkì ló yọ

Ní 1934, William Mixter àti Joseph Barr, dókítà méjì ní Boston, kọ̀wé pé inú rírọ̀ dísìkì lè ya awọ rẹ̀ jáde kó tẹ iṣan. Ìwé wọn dá ilé ẹ̀kọ́ tuntun sílẹ̀: wá ibi tó bàjẹ́ lórí àwòrán, kí o fi ọ̀bẹ tún un ṣe. Ní tòótọ́, nígbà tí ìrora bá ń gba ìdí sọ̀kalẹ̀ lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀, tí àwòrán MRI sì fi dísìkì hàn níbi tí iṣan yẹn gbà, iṣẹ́ abẹ ń mú ìtura yá. Bí iṣan àpòòtọ̀ bá ti kó sí i, kò tilẹ̀ sí àríyànjiyàn mọ́: iṣẹ́ abẹ kíákíá ni.

Lẹ́yìn èyí ni ilẹ̀ ti ń yọ̀. Ní 2007, àwọn dókítà Netherlands pín aláìsàn 283 sí méjì, wọ́n tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún apá kan, wọ́n ní kí apá kejì ní sùúrù. Àwọn tí wọ́n tètè ṣe fún rí ìtura kíákíá, àmọ́ nígbà tí ọdún kan pé, nínú apá méjèèjì, 95 nínú 100 ló ti sàn. Àwòrán fúnra rẹ̀ tún ń tan èèyàn. Ní 2015, àwọn oníwádìí kó àwòrán ẹ̀yìn èèyàn tó lé ní 3,000 jọ, tí nǹkan kan kò ro wọ́n rárá. Lára àwọn ọmọ 20 ọdún, dísìkì 37 nínú 100 ti ń gbó. Lára ẹni 80 ọdún, ó di 96. Aláìsàn tó bá wá fi owó gọbọi ya àwòrán, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé dísìkì rẹ̀ ti gbó, lè máa gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri bí ìdájọ́, bẹ́ẹ̀ ó lè ti rí bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn láìro ó.

Iṣẹ́ ni àbí ìran?

Ẹnikẹ́ni tó bá wo àwọn tó ń ru yanrìn yóò ní ẹrù ló ba ẹ̀yìn jẹ́. Ìwádìí tó mú èrò yìí mì ni ti àwọn ìbejì ní Finland, tí wọ́n gbé jáde ní 1995. Wọ́n wá ìbejì tí ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ agbára, tí èkejì jókòó sí ọ́fíìsì, wọ́n sì wo dísìkì wọn. Ìran kó ipa tó pọ̀ ju ti iṣẹ́ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn ará Finland kì í ṣe gbígbé agbọ̀n yanrìn lérí láti kékeré, dísìkì tó gbó kì í sì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ìrora. Iṣẹ́ lè má gbó dísìkì kó sì máa dá ẹ̀yìn lóró.

Ẹ dìde, ẹ máa rìn

Láyé àtijọ́, dókítà á ní kí ẹni tí ẹ̀yìn ń ro dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní 1986, Richard Deyo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ìsinmi ọjọ́ méjì wé ti ọjọ́ méje: àwọn ọlọ́jọ́ méjì tètè padà sẹ́nu iṣẹ́, ara wọn kò sì burú ju ti àwọn yòókù lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Gordon Waddell, dókítà eegun ní Glasgow, kọ ọ́ pé kì í ṣe eegun nìkan ló ń sọ ẹni tí ìrora yóò sọ di aláìlágbára. Ìbẹ̀rù, ìrẹ̀wẹ̀sì, àìríṣẹ́ àti ohun tí àwọn ará ilé ń sọ wà níbẹ̀. Èrò yìí ló borí lónìí. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2023, lórí ẹ̀yìn tó ń ro àgbàlagbà fún ìgbà pípẹ́ láìsí ìdí kan pàtó, fọwọ́ sí ìlànilọ́yẹ̀, eré ìmárale àti àwọn ìfọwọ́tọ́jú kan. Wọ́n ní kí wọ́n má máa fi bẹ́líìtì ẹ̀yìn, fífa ẹ̀yìn gùn, tàbí oògùn ẹgbẹ́ tramadol tọ́jú rẹ̀.

Agbára èrò yìí ni pé kò náni lówó púpọ̀, kò sì pani lára. Àìlera rẹ̀ wà ní ọ̀nà méjì. Ìtura tí eré ìmárale ń mú wá kò pọ̀ tó bí àwọn oníwàásù rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́. Yàtọ̀ síyẹn, ṣe la bí i fún ẹni tó ń jókòó. Sísọ fún obìnrin tó ti ru ẹrù láti ìdájí pé kó lọ máa rìn lè dà bí ẹ̀gàn, sísọ fún ọkùnrin pé ọkàn rẹ̀ wà nínú ìrora rẹ̀ a sì máa dún létí rẹ̀ bíi pé wọ́n ní ó ń díbọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ gbé èrò yìí wọ Kogí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún un rán.

Iké tó ń jáde díẹ̀díẹ̀

Ibí ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kà sókè yìí ti lè ṣìnà pa pọ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró nìkan; ẹ̀jẹ̀ lè gbé e dé ọ̀pá ẹ̀yìn. Yóò jẹ iwájú eegun méjì tó fara kan ara wọn àti dísìkì àárín wọn, iwájú á wó, ẹ̀yìn á yọ gọngọ síta, iké á jáde. Dókítà Percivall Pott ṣàpèjúwe rẹ̀ ní London ní 1779, àwọn onímọ̀ sì ti rí àmì rẹ̀ lára òkú àwọn ará Íjíbítì àtijọ́. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ẹrù ikọ́ ẹ̀gbẹ wúwo sí jù lọ. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé kì í yára. Ẹ̀yìn á máa ro fún oṣù mélòó kan, ara á máa gbóná nírọ̀lẹ́, aláìsàn á máa rù, àfi bí ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Kò di dandan kó máa wúkọ́. Nínú oṣù wọ̀nyẹn, alágbo á ní jẹ̀dí ni, oníkẹ́mísìì á pín oògùn, onífisiotẹ́rápì tí kò bá ṣọ́ra á ní kó máa rìn, ìdílé á sì máa wá ẹni tó ṣe é.

Àríyànjiyàn àwọn dókítà lórí rẹ̀ tún jinlẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 ni Arthur Hodgson ti ń gba iwájú àyà àti ikùn wọlé ní Hong Kong, tó ń gé gbogbo eegun tó ti bàjẹ́ kúrò, tó ń fi eegun mìíràn dípò rẹ̀. Àwọn mìíràn ní oògùn nìkan tó. Àjọ ìwádìí ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Korea, Bulawayo, Hong Kong àti Madras. Wọ́n rí i pé oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tí aláìsàn ń mu bó ti ń rìn káàkiri ń wo ọ̀pọ̀ jù lọ sàn, láìsí pé wọ́n dè é mọ́ ibùsùn tàbí fi POP bò ó. Àwọn tí Hodgson àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ẹ̀yìn tiwọn kò tẹ̀ tó ti àwọn yòókù. Apá méjèèjì ló mú nǹkan bọ̀, ṣùgbọ́n fún ìlú bíi Lọ́kọ́jà, èsì ti oògùn ló ṣe pàtàkì jù: ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń fún aláìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ ní oògùn ní Nàìjíríà, ẹ̀rọ tó ń mọ kòkòrò náà sì ti dé ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn. Ibi tí oògùn kò tó ni ọmọdé. Lára àwọn ọmọ kan, àrùn á lọ tán, iké á sì máa pọ̀ sí i bí wọ́n ti ń dàgbà.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS wà nínú ewu tó fara jọ èyí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dí kí àárín eegun ẹ̀yìn kú, kòkòrò mìíràn sì lè wọ ibẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ ka gbogbo ìrora rẹ̀ sí èyí tó máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà Àbújá àti wákàtí mẹ́rìnlélógún

Ìjàǹbá ọkọ̀ ni orísun kejì tí kò gba eré. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ lójú títì ni pé àwọn aláàánú á fa ẹni tó farapa jáde, ọ̀kan á mú apá, èkejì á mú ẹsẹ̀, wọ́n á ká a sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń kọjá lọ. Bí eegun ọrùn bá ti kán tí mùdùnmúdùn kò tíì já, kíká yẹn lè já a. Ó yẹ kí ẹnì kan di orí mú kó má yí, kí àwọn yòókù yí gbogbo ara pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí pákó tàbí ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn tó bá dé ilé ìwòsàn ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀. Ludwig Guttmann, dókítà tó dá ibùdó ìtọ́jú ọ̀pá ẹ̀yìn Stoke Mandeville sílẹ̀ ní England ní 1944, kò fẹ́ ọ̀bẹ. Ó ní kí wọ́n tẹ́ aláìsàn dáadáa, kí wọ́n yí i padà ní wákàtí méjì méjì kí egbò má bẹ̀ ní ìdí rẹ̀, kí wọ́n tọ́jú ìtọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ ọ ní eré ìdárayá. Ẹ̀mí àwọn tí wọ́n ti ń ka ọjọ́ ikú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Nílé níbí, ilé ìwòsàn eegun Igbóbì bẹ̀rẹ̀ ní 1945 gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́jú àwọn sójà tó farapa lójú ogun. Ní 1962 ni Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, padà dé láti dá iṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti mùdùnmúdùn sílẹ̀ ní UCH Ìbàdàn. Lónìí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ gbà pé kí wọ́n tètè ṣí ohun tó tẹ mùdùnmúdùn. Ìwádìí kan ní Àríwá Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012, ní nínú àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí wákàtí 24 tó pé, 19.8 nínú 100 ló sàn dé ìpele méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí òṣùwọ̀n ìpalára mùdùnmúdùn. Nínú àwọn tó pẹ́, 8.8. Àmọ́ wọn kò ṣẹ́ kèké pín àwọn aláìsàn náà, àwọn tó tètè dé sì lè ti yàtọ̀ tẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ steroid tí gbogbo ayé ń gún lẹ́yìn 1990 ti bọ́ lójú: ní 2013, àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ Amẹ́ríkà ní kí wọ́n má fún aláìsàn mọ́.

Níbi tí wákàtí 24 ti máa ń kọjá kí owó, ọkọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ tó pé, mo rò pé ẹ̀kọ́ Guttmann ló yẹ kó ṣíwájú, kí ọ̀bẹ wá tẹ̀ lé e. Egbò ìdí àti àrùn inú ìtọ̀ kò dúró de oníṣẹ́ abẹ. Ilé aláìsàn ni wọ́n ti ń pa á, lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn bá ti kí i kú ewu.

Ẹ̀yìn ọmọdé

Àríyànjiyàn ibí kéré. Ìwádìí tí àjọ ìwádìí ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ jáde ní 1991 fi hàn pé folic acid tí obìnrin bá ń lò kí ó tó lóyún dín àtúnṣẹlẹ̀ ẹ̀yìn tó là kù ní 72 nínú 100. Wàhálà rẹ̀ ni pé ìgbà tí ọ̀pọ̀ ìyá bá fi dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ọjọ́ 28 ti kọjá. Ní ti ọ̀dọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbà pé àdè tó ń di ara mú wúlò. Ní 2013, wọ́n rí i pé nínú àwọn tó lò ó, 72 nínú 100 kò dé ibi iṣẹ́ abẹ. Nínú àwọn tí wọ́n kàn ń wò, 48. Èyí ni pé nǹkan bí ìdajì ì bá bọ́ láìsí àdè, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà kí ọmọ tó wọ̀ ọ́ pé òun ló kàn.

Ohun tí kò tíì yanjú

Kò sí ìdánwò tó lè yà á sọ́tọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, láàárín àwọn tí ẹ̀yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ro, ẹni tí yóò sàn àti ẹni tí yóò fi í ṣe ọdún. Lórí ikọ́ ẹ̀gbẹ inú eegun, oṣù mẹ́fà ni àwọn kan fara mọ́, àwọn mìíràn kò gbà kó dín sí oṣù mẹ́sàn-án tàbí ọdún kan. Ìgbà tó yẹ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kún oògùn fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rọ náà wà nínú iyàn. Bóyá ẹrù orí ń ba eegun ọrùn jẹ́, àbí ó ń mú un le, ìwádìí kan ń já èkejì ní irọ́. Bí iṣẹ́ abẹ bá ti kọjá wákàtí 24, kò sí òdiwọ̀n ohun tó ṣẹ́ kù fún aláìsàn láti jèrè. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń to eegun: ṣé kí ilé ìwòsàn lé wọn ni, àbí kí wọ́n kọ́ wọn ní àmì tí wọ́n á fi máa dárí aláìsàn síta? Èmi wà pẹ̀lú àwọn tó ní kí wọ́n kọ́ wọn, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni aláìsàn ti ń kọ́kọ́ yà.

Ní ti àmì náà, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ló fohùn ṣọ̀kan lé e. Bí ẹ̀yìn bá ń ro yín tí ìtọ̀ dúró lójijì, tí abẹ́ kú, tí ẹsẹ̀ ń rọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá sì jẹ́ pé ara ń gbóná nírọ̀lẹ́ tí ẹ sì ń rù, tàbí tí iké bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìn ọmọ yín, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ yín wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ na ẹ̀yìn náà.